Bàbá Ń Dúró Kí Gọ́ọ̀mù Gbẹ

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Awakọ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé bọ́ọ̀sì náà ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, àbí òun náà ti ń ṣe orí kunkun bí ẹni tó ń wà á? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní aṣọ tí o wọ̀ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ fẹ́lẹ́ jù fún òtútù ọ̀hún, kí o lọ wá èyí tó nípọn.

Mo kọ eléyìí sínú lẹ́tà nítorí pé èmi àti ìwọ ti jọ fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ara mi, a ò ní sọ ọ́ lórí fóònù mọ́. Lórí fóònù, ìwọ á pariwo, èmi náà á pariwo, gbogbo àdúgbò á sì ti mọ ibi tó ń dùn mí kí ìwọ tó mọ̀.

Ìròyìn rèé. Ìrora tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọdún tó kọjá, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, tí á gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, ti sọ ara rẹ̀ di onílé. Bí mo bá wúkọ́ báyìí, á dà bíi pé ẹnì kan fi iná sí mi lẹ́sẹ̀. Mo lọ rí dókítà. Wọ́n ní kí n wọ inú ẹ̀rọ kan tó ń pariwo ju ẹ̀rọ ìlagi lọ, wọ́n ya fọ́tò inú ẹ̀yìn mi. Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná. Ó ní láàrin eegun ẹ̀yìn ènìyàn, ohun kan wà níbẹ̀ bíi tìmùtìmù kéékèèké tí kì í jẹ́ kí eegun máa lọ eegun. Ó ní ọ̀kan nínú tèmi ti bẹ́, inú rẹ̀ ti yọ síta, ó sì ti lọ tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ la ẹ̀yìn mi, kí òun yọ ohun tó yọ síta yẹn kúrò.

Mo ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹsẹ̀ ni mo ní ó ń dùn mí." Ó ní òun gbọ́. Mo ní, "Ẹ̀yìn kò dùn mí." Ó ní òun gbọ́ ìyẹn náà. Èwo wá ni ká máa la ibi tí kò ṣe nǹkan kan? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dé fìlà mi, mo wá sílé.

Ọ̀rẹ́ mi Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní òun mọ ohun tí a máa ṣe. Ó ní ohun tó bá ti fún pọ̀, ṣe là ń fà á. A máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, fi tẹ́ẹ̀pù ìwọngi ránṣẹ́ sí mi, èyí tó gùn. Tèmi ti já.

Èmi ni bàbá rẹ, onílẹ̀kùn.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, mo kúnlẹ̀ kí màmá náà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé aṣọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ fẹ́lẹ́ yẹn. Bọ́ọ̀sì ń gbọ́ràn. Àwọn èrò inú rẹ̀ ni kì í gbọ́.

Lẹ́tà kẹta tí mo kọ nìyí. Méjì àkọ́kọ́ ń pariwo ju fóònù lọ, mo ti fà wọ́n ya.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí oníbàárà bá wá bá yín pé ilẹ̀kùn òun ń ha ilẹ̀, kò ṣeé tì mọ́, ibo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀? Káfíńtà tó bá gbé ìfági, tó ń fá ìdí ilẹ̀kùn, ẹ máa ń pè é ní apani. Ẹ máa ń ní, "Ìsàlẹ̀ ló ń ké, òkè ló ń ṣàìsàn." Ẹ ó gun àpótí, ẹ ó wo híńjì òkè, ẹ ó sì rí i pé òun ló tú. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ o. Kí ló dé tí ti ara yín wá yàtọ̀? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Awakọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ wa tí à ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí bó ṣe ń wakọ̀. Ohun tó ṣe yín yìí ló ṣe òun náà. Wọ́n là á, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń pẹ́ dé gbogbo ibùdókọ̀ bó ṣe máa ń pẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àṣìṣe òun ni pé òun fi falẹ̀. Ó ní iṣan tí nǹkan bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ jù, nígbà mìíràn kì í jí mọ́. Títí di òní, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kò mọ̀ bóyá wọ́n wà nínú bàtà tàbí wọn ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dáhùn eléyìí, kódà bí ẹ ò bá dáhùn ìyókù: ṣé ẹsẹ̀ yín ń kú?

Kí sì ni Télọ̀ fẹ́ fà? Ẹ̀rù fífà yẹn ń bà mí.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Awakọ̀ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ìyá rẹ kà á sókè, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó dé ibi ìfági, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo bí ti ń kọ́ mi ní ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi náà. Ilẹ̀kùn kò lẹ́jẹ̀ lára. Bí mo bá tú híńjì, tí mo sì rí i pé kì í ṣe òun ló fà á, màá dá a padà, màá bẹ oníbàárà, ó parí. Bí dókítà bá la ẹ̀yìn mi, tó rí i pé kì í ṣe ibẹ̀, ta ni ó máa bẹ̀?

Ní ti fífà, Télọ̀ ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì di àtẹ́rígbà ṣọ́ọ̀bù mú, kí n rọ̀ sílẹ̀, kí òun máa fa ẹsẹ̀ mi nísàlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kan àtẹ́rígbà yẹn, kò lè já. Kò já lóòótọ́. Ṣòkòtò mi ló já. Télọ̀ fi ìdí jókòó sáàrin títì pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́, èmi wà lókè bí aṣọ tí wọ́n sá, Tíṣà tó wá bèèrè ilẹ̀kùn rẹ̀ sì dúró, ó ní òun á padà wá lọ́la. Télọ̀ ti bá mi rán ṣòkòtò náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, òun ló ya á.

Ẹsẹ̀ kò kú. Ó kàn ń sùn díẹ̀ ni. Má da ara rẹ láàmú, gbájú mọ́ ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà yìí. Ṣé o wà dáadáa? Aṣọ mẹ́ta kò tó.

"Ó kàn ń sùn díẹ̀" tí wọ́n kọ sí ọ yẹn, irọ́ ni. Lánàá, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá. Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀ ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àga. Ìṣó ni. Ó ti gba inú sálúbàtà kọjá, ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì wọn, wọ́n sì ti gbé e rìn la gbogbo àgbàlá já. Wọn ò mọ̀. Mo fa ìṣó náà yọ lójú wọn, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo gbé lọ́wọ́. Mo ti rí wọn nínú ìbínú, mo ti rí wọn nínú ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ojú yẹn rí. A ti lọ gba abẹ́rẹ́, ojú egbò náà mọ́.

Ẹsẹ̀ náà ti ń wọ́ nílẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá ń bọ̀, mo ti máa ń gbọ́ ọ kí n tó rí wọn.

Kọ̀wé sí wọn. Má pariwo. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ariwo ni wọ́n fi ń bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀. Ìwọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí o ti mú un nìyẹn.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Màmá ti sọ fún mi nípa ìṣó. Ẹ má bá wọn jà. Bí ìjà bá ń gún yín lára, èmi ni kí ẹ bá jà, ọwọ́ yín ò lè tó mi.

Mi ò ní fi ilẹ̀kùn kọ́ yín mọ́. Ẹ bi mí pé ta ni dókítà máa bẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì rí ìdáhùn rẹ̀. Mo bi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òun náà ní kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ sọ̀yà fún òun.

Ẹ̀rù ń bà mí, bàbá mi. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà mí, ṣùgbọ́n ti ìṣó tí ẹ ò mọ̀ pé ó wà lẹ́sẹ̀ yín yìí ló pọ̀ jù. Lánàá mo wa bọ́ọ̀sì kọjá ibùdókọ̀ kan láìdúró. Ìyá àgbà kan dìde, wọ́n ní, "Awakọ̀, ṣé ilé tìrẹ lò ń gbé wa lọ ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ yín ni mo ń rò. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Mo fẹ́ kí ẹ rìn wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo bá wálé. Ìyẹn nìkan ni mo ń tọrọ. Ẹ padà lọ bá dókítà náà, kí ẹ bi í ní gbogbo ohun tó wà nínú yín, kódà ti ẹni tó máa bẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Awakọ̀ mi,

Ìyá rẹ ti jẹ́wọ́ pé òun ló kọ̀wé sí ọ. Mo ti dárí jì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bẹ̀bẹ̀.

Mo lọ bá dókítà. Mo bi í pé bí iṣẹ́ náà kò bá yọrí, ta ni yóò bẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ni màá wá bẹ̀, lójú ìyàwó yín." Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń dára, àwọn díẹ̀ kì í dára, òun kò sì lè búra. Ó ní ìrora ló máa kọ́kọ́ lọ. Bóyá ẹsẹ̀ máa padà mọ ohun tó tẹ̀, ìyẹn gba sùúrù, ó tiẹ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ̀n, èékánná rẹ̀ sì mọ́. Káfíńtà tó bá ti ń búra fún oníbàárà, mo mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Eléyìí tí kò búra ni mo fẹ́.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀ la mú. Kékeré la ti ń pa ẹkan ìrókò. Èmi tí mo ń fi ìrókò ṣe ilẹ̀kùn láti ìgbà èwe, ó yẹ kó ti yé mi.

Tẹ́ẹ̀pù ìwọngi kò tíì dé o. Bí nǹkan kan bá sì ṣe mí, ayùn mi kò gbọdọ̀ bọ́ sí ọwọ́ Télọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu! Ẹ kú ewu! Màmá pè mí lọ́jọ́ náà pé ẹ ti jí, pé ohun tí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni fìlà yín. Mo jó nínú yàrá ìwẹ̀ ilé iṣẹ́, ẹni tó fẹ́ wọlé ní òun á padà wá.

Báwo lara? Báwo lẹsẹ̀? Ìgbàkígbà tí mo bá pè, màmá á ní ẹ ń sinmi. Ìsinmi dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí mo mọ̀ kì í sinmi. Tẹ́ẹ̀pù ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀. Ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Gbólóhùn kan ti tó mi. Ẹ tiẹ̀ bú mi.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo ní kí n má kó ọkàn rẹ sókè ni mo fi ń sọ pé wọ́n ń sinmi. Irọ́ pípa ti sú mi.

Iṣẹ́ abẹ yọrí. Iná tó ń jó wọn lẹ́sẹ̀ ti lọ pátápátá, wọ́n ń wúkọ́ bó ṣe wù wọ́n. Ojú egbò ti jiná. Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì méjì mú wọn rìn díẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì náà ní, "Bí ẹ bá délé, ẹ máa rìn lójoojúmọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má sì gbé ẹrù." Bàbá rẹ gbọ́. Wọ́n délé, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọ̀ wọn ò dìde mọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lọ, èmi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lẹ́yìn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ.

Mo ní gọ́ọ̀mù wo? Wọ́n ní kò sí bí a ṣe ń ya nǹkan sọ́tọ̀, ká tún tò ó padà, kí a má lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tí a bá lẹ̀, inú kíláǹpù tó ń fún un pọ̀ là ń fi í sí, a kì í gbé e dìde kó tó gbẹ. Wọ́n ní ọmọdé ni àwọn nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n mọ̀ nípa gọ́ọ̀mù? Wọ́n ní kí Télọ̀ bá àwọn gbé pákó méjì wá. Pákó kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, bàbá rẹ wà láàrin, wọ́n ń wo àjà. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n bínú títí. Ó ní bí wọ́n bá ń dùbúlẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ á kàn máa rọ lọ ni.

Kí n sọ èrò ọkàn mi fún ọ? Kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Bí wọn ò bá dìde, wọn ò ní mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà padà tàbí kò padà. Mo gbọ́ wọn níjelòó tí wọ́n ń bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà láàrin pákó.

Mo ti ní mi ò ní fi ilẹ̀kùn kọ́ yín mọ́. Mo fẹ́ yẹ àdéhùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dókítà kò lẹ nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Ohun tó há ló yọ. Bí ẹ̀rún igi bá há sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ẹ sì yọ ọ́, ṣé ẹ tún máa ń dúró kí nǹkan gbẹ? Ṣe lẹ máa ń ṣí ilẹ̀kùn náà, ẹ ó tì í, ẹ ó tún ṣí i, kí ẹ lè mọ̀ bó ṣe ń lọ.

Mo mọ̀ pé mímọ̀ yẹn gan-an ló le. Bí ẹsẹ̀ bá padà, ẹ sọ fún mi. Bí kò bá padà, ẹ sọ fún mi náà. Bó bá jẹ́ bàbá tó ń tiro ni mo wá pàdé, bàbá mi náà ni, n kò ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bàbá tó dùbúlẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Awakọ̀ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo yíjú sí ògiri. Inú bí mi. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ irọ́, kì í dun ni tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ àti ti Télọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ ń sọ pé ilẹ̀kùn Tíṣà ti pẹ́ jù, pé àwọn méjèèjì máa kan híńjì rẹ̀ fúnra wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, mo gbọ́ òòlù. Ọmọ mi, síkúrù ni wọ́n ń fi òòlù gbá! Ohun tí à ń yí wọlé jẹ́jẹ́! Mo ké sí wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún ké. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbọ́ tí igi là.

Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò láàrin pákó. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé mo ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òòlù ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń pe Télọ̀ ní apani. Ẹsẹ̀ mi ni òun àti ìyá rẹ ń wò. Èmi náà bá wolẹ̀.

Mi ò wọ sálúbàtà. Òjò ti fọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ fún mi pé ilẹ̀ tutù. Mo dúró. Ẹsẹ̀ òsì náà sọ fún mi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́. Ọmọ ìka kò tíì sọ nǹkan kan, mo sì ṣì ń wọ́ ẹsẹ̀ náà díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gìgísẹ̀ títí dé àárín àtẹ́lẹsẹ̀, mo mọ̀ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Mo sunkún níwájú Télọ̀, kò sì tíì fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì ti wá. Ó ní kí n máa rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ń rìn. Ìyá rẹ búra pé òun kò mọ̀ pé síkúrù yàtọ̀ sí ìṣó. Obìnrin tó ti ń bá káfíńtà gbé láti ìgbà tí kò tíì bí ọ! Mo ní mo gbọ́.

Ní ọjọ́ yẹn, ó sáré lọ mú sálúbàtà wá, ó ní kí n wọ̀ ọ́ kí òtútù má bàa mú mi. Mo ní kó dákun, kó jẹ́ kó mú mi díẹ̀ sí i.

Èmi ni bàbá rẹ.